Ogún Ìṣẹ́jú Theresa

Lẹ́tà tó wá láti Àkúrẹ́ sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni wòléwòlé máa dé. Nítorí náà Kúbúrá, olùrànlọ́wọ́ dókítà, ti fi Ọjọ́bọ̀ sọ́kàn pé òun máa fọ ilé ìtọ́jú eyín wọn láti ilẹ̀ dé àjà. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í béèrè ọjọ́ tí èèyàn ń fọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Peugeot funfun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Ìlórò, nílùú Ọ̀wọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sílẹ̀, ó fi fáìlì há abíyá, ó sì nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé.

"Dókítà," Kúbúrá yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ọjọ́ Ẹtì ti dé o."

Ọlámúyìwá fi ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1981 là ń wí yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti tó ọdún méjìlá tó ti ń tọ́jú eyín ní Ọ̀wọ̀. Láti Òkèlúsẹ̀, láti Ìmẹ́rí, láti Ìsùàdà ni wọ́n ti ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wá bá a. Bó bá pàdé ẹnì kan lọ́jà, orúkọ ẹni náà lè má wá sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n èrìgì onítọ̀hún kì í fò ó.

Ó mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Ilé ìtọ́jú tí kò bá yege nínú sísè irinṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọn yóò sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ. Kò bẹ̀rù ebi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá ti ibí pa, ilé ló kù, ilé sì ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí Theresa ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá. Ọmọ́lẹ́yẹ lorúkọ mi. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì la kọ. Ìdí tí mo fi wá lónìí nìyẹn."

Jìbírílù télọ̀ wà lórí àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó tọ́jú ọsàn sínú ẹnu. Ìgbà kẹta tó máa wá nìyí. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, bó bá ti rí ẹ̀mú báyìí, á rántí pé òun fi áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà, á sì sáré lọ. Nígbà tó rí wòléwòlé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa o, sà," ó ní. "Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀. Bó bá di ọ̀la, mo lè padà wá."

"Jókòó síbẹ̀," Ọlámúyìwá ní.

Ọmọ́lẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbóòórùn táwẹ́ẹ̀lì, ó tẹ òwú wò, ó bojú wo inú kọ́ọ̀bù, ó fi ìka nu ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ dé. Ìka náà mọ́. Kúbúrá rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn náà ni Ọmọ́lẹ́yẹ gbójú sókè sí ògiri.

"Ìṣó wo nìyí?"

"Ìṣó aago ni, sà," Kúbúrá dáhùn.

"Aago ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń purọ́, sà. Wọ́n lé e níṣẹ́."

Òótọ́ ni. Theresa ló lé e. Aago náà máa ń sáré ju ara rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan nínú Lẹ́ńtì, ó ní irinṣẹ́ ti lo ogún ìṣẹ́jú lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni omi kò tíì mú èéfín jáde. Theresa gbé e kúrò lára ògiri, ó ní òun ò lè máa bá òpùrọ́ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi rósárì wọn àkókò. Bí omi bá ti hó ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kí Màríà, mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún, á sì ní, "Ó tó." Ọmọ ìjọ Páàdì ni, Kátólíìkì. Ọlámúyìwá, ọmọ Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì, ìjọ Áńgílíkà tí kì í ka rósárì, kò gbà á gbọ́. Ó yá aago ọwọ́ tíṣà kan, ó fi ṣọ́ ọ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kò dín ní ogún ìṣẹ́jú rí. Ó dá aago padà fún onítọ̀hún, kò sì jiyàn mọ́.

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ ogún ìṣẹ́jú?" Ọmọ́lẹ́yẹ béèrè.

Kúbúrá wo ọ̀gá rẹ̀. "Èmi ò mọ̀, sà. Dókítà á kàn dúró ti ìkòkò, wọ́n á máa wo omi. Bó bá yá, wọ́n á ní ó tó."

Ọmọ́lẹ́yẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọlámúyìwá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fa rósárì dúdú kan yọ. Láti oṣù mẹ́jọ yìí, kò sí ẹni tó rí i lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Èyí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n."

"Háà!" Jìbírílù pariwo láti orí àga. "Ẹ̀yin ọmọ Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì!"

Ọmọ́lẹ́yẹ gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, Boniface lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi. Inú rósárì ni wọ́n bí mi sí. Bí ìyá mi bá gbé omi ẹ̀kọ kaná ló máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀kọ tó jinná, ó ti ṣe Àmín. Ìṣẹ́jú méjìlá péré."

"Ìyá yín ń kánjú ni."

"Ebi ń pa wá ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà náà a sì máa sáré àdúrà." Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí kò bá pé ogún, mo máa ti ibí pa lónìí. Ẹ má bínú sí mi."

Kúbúrá tan sítóófù, ó kó ẹ̀mú àti dígí kékeré sínú ìkòkò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

"Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀," Ọmọ́lẹ́yẹ ní.

"Kò tíì hó."

"Èéfín rèé."

"Èéfín kì í ṣe híhó. Ẹ jẹ́ kó yí padà nísàlẹ̀ ná."

Ọmọ́lẹ́yẹ tẹ̀ síwájú, ó bojú wo inú ìkòkò. Nígbà tí omi wá ń gbé ẹ̀mú jó nínú ìkòkò, Ọlámúyìwá mú ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì la ẹnu.

Ètè nìkan ló fi máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ sì ń sá lọ. Kó tó mọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá. Kúbúrá ń fi eyín jẹ ètè, Ọmọ́lẹ́yẹ kò gbójú kúrò lára aago. Ìgbà náà ló rántí bí Theresa ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láti orí ògiri, tí iṣẹ́ kò sí níwájú àwọn méjèèjì. Ó mí. Ó jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ kẹsàn-án dúró díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ ti ń rìn, kò sá mọ́.

Jìbírílù ló ń gbè é. Àmín rẹ̀ gùn bí okùn tí ó ń tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ òwú.

"Ẹ̀yin," Ọmọ́lẹ́yẹ ní lẹ́yìn mẹ́wàá kẹta, "ṣebí Mùsùlùmí ni yín?"

"Mùsùlùmí ni mí, sà. Ṣùgbọ́n eyín mi ni wọ́n fẹ́ yọ."

Mẹ́wàá karùn-ún parí. Ó yẹ kí Ọlámúyìwá sọ pé ó tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀. Gbólóhùn mìíràn ló jáde, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó sọ ọ́.

"Ta ló wà lórí àga?"

Kúbúrá kọjú sí fèrèsé lójijì. Bí Theresa ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyẹn. Á béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí àga, á ka Baba Wa kan fún un. Láti oṣù mẹ́jọ yìí, kò sẹ́ni tó béèrè.

Jìbírílù pàápàá kò ṣe àwàdà mọ́. "Jìbírílù ni," ó ní. "Ọmọ Àbẹ̀ẹ́bí."

Ọlámúyìwá ka Baba Wa fún un. "Ó tó," ó ní.

Ọmọ́lẹ́yẹ wo aago. "Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò sí nínú rósárì. Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyàwó mi."

"Wọ́n dà?"

"Ó ti kú."

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Bàbá." Ó tún mú kálámù, ó fa ìlà sórí ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ òmíràn. "Sísè irinṣẹ́ péye. Ṣùgbọ́n ẹ ra aago kí oṣù yìí tó parí. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kọ Màríà sínú fọ́ọ̀mù ìjọba."

Jìbírílù ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. "Dókítà, ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé áyọ́ọ̀nù mi..."

Wòléwòlé fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Ẹ jókòó. Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

Lọ́jọ́ Sátidé, Kúbúrá ra aago kan ní ọjà, wọ́n gbé e kọ́ sára ìṣó. Aago tó dára ni, kì í purọ́. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan láti Òkèlúsẹ̀ jókòó lórí àga, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Omi hó. Ọwọ́ aago rìn títí, Kúbúrá sì na ọwọ́ sí ìkòkò.

"Ogún ti pé, Dókítà."

"Fi sílẹ̀ ná," Ọlámúyìwá ní. Rósárì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ó yíjú sí àga.

"Ìyá, kí lorúkọ yín?"