Igbà Àdìó

"Bàbá, ẹ má fara sẹ́yìn o! Ẹ sún mọ́ ògiri!"

Ó ti pẹ́ jù. Àdìó ti dẹ ara sẹ́yìn bí ẹni tí igbà, okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ, ṣì wà nídìí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ já kúrò lára òkúta róbà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ló bá ń rọ̀ dirodiro lókè bí àdán. Dáníẹ́lì, ọmọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ẹni tuntun ní gígun ògiri nínú gbọ̀ngán eré ìdárayá kan ní Mowé, di okùn mú nísàlẹ̀, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ògiri nìyí o, kì í ṣe ọ̀pẹ."

"Ta lò ń kọ́? Ọ̀pẹ tí mo gùn ní Ifọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ, ó ga débi pé mò ń gbọ́ bí àwọn áńgẹ́lì ṣe ń wúkọ́!"

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Òtútù ni. Ibẹ̀ ga."

Irọ́ kọ́ o. Láti Ifọ̀ dé Owódé, kò sí akọ̀pẹ bí Àdìó. Tó bá ti kọ́ igbà mọ́ ìdí, àwọn ẹ̀ga á ti máa kó ẹrù. Tó bá gé ìdì ẹyìn kan sílẹ̀, abọ́ á jábọ́ lórí pẹpẹ ní Akute. Àmọ́ àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó jẹ ẹran ara ẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ọjọ́ tó padà sídìí ọ̀pẹ, agbedeméjì ló há sí: kò lè gòkè, kò lè sọ̀. Àkàbà ni wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo Ifọ̀ ló wòran. Àwọn tó wà nínú sàréè nìkan ni ò wá.

Ọmọ́táyọ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngán yẹn, ló wá mú un lọ sílé ẹ̀ ní Mowé. Ó ti igbà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàámi, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gun ògiri wa dókè, tẹ́ ẹ sọ̀, tẹ́ ẹ tún gùn ún lójú ẹsẹ̀, màá gbé igbà yín fún yín. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pẹ di èèwọ̀."

Níbẹ̀rẹ̀, apá ẹ̀ le gbagidi bí ọmọ odó, òkèlè ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi máa ti ara yín sókè," Dáníẹ́lì á ní, "ẹ má fi ọwọ́ nìkan fà." Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Èjìká ẹ̀ yọ padà. Ó ń fa omi kànga láì mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun fa ilẹ̀kùn lánàá, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé òun.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Àdìó gun ògiri, ó fọwọ́ kan òkè. Ọmọ́táyọ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó. Bàbá sọ̀, kò tiẹ̀ mumi, ó tún kọjú sí i.

Ní agbedeméjì, agbára ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Àwọn ìka ẹ̀ ń ṣí fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tí ò gbọ́ràn. Ó já bọ́. Okùn tó wà lára bẹ́líìtì ẹ̀ ló gbà á.

"Bàbá, ẹ gbìyànjú gan-an," Dáníẹ́lì ní. "Ara yín á tún le sí i."

Àdìó ṣì ń fì lókè. "Dáníẹ́lì, nídìí ọ̀pẹ, ta ló ń di okùn mú nísàlẹ̀?"

Dáníẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti gbọ̀ngán dé ilé, Àdìó ò pa irọ́ kankan. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Ọmọ́táyọ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó gbé igbà jáde.

"Bàámi, ẹ gbà. Ẹ ṣáà gùn ún dókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Àdìó gbé e sí imú. Òórùn epo àti òógùn ara ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níta, ewúrẹ́ ìyá Fàúsátù, aládùúgbò wọn, ẹran tó ti já gbogbo okùn tó wà ní Mowé, tún ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá. Bàbá wo ewúrẹ́ náà títí. Ó wá na igbà sí ọmọ ẹ̀.

"Lọ fi so ó."

"Bàámi!"

"So ó dáadáa. Okùn yẹn ò jẹ́ kí n já bọ́ rí."