Ìrẹsì fún Ìyá Sátò

"Ta ló ki igi yìí bọ ìrẹsì?"

Sàkáríyà kò tíì jókòó dáadáa tó tún fi fò dìde. Ó nawọ́ kọjá lórí tábìlì, ó fa igi ìjẹun méjì tó dúró ṣánṣán nínú abọ́ Ọbayẹmí yọ, ó fa ti Ẹfúnróyè yọ, ó fa tirẹ̀ náà yọ. Àsíátù ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́, ẹ̀rín tó fi ń bọ̀ kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Kí ló dé tí o ò bi mí? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá."

Kẹ́ ẹ sì wò ó o, oore ni obìnrin yìí fẹ́ ṣe. Gbogbo Sátidé kìíní oṣù ni àwọn mẹ́ta yìí máa ń pàdé nílé wọn ní Gwagwalada. Japan ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́: Sàkáríyà kọ́ àtúnṣe katakata, irú èyí tí wọ́n fi ń la títì Àbújá, Ẹfúnróyè kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ọbayẹmí kọ́ ètò omi ẹ̀rọ. Mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1984, kí iṣẹ́ tó gbé mẹ́ta padà sí Èkó. Wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọn á tẹrí ba fún ara wọn, wọn á mu tíì tí kò ní ṣúgà, wọn á sì sọ èdè ọ̀hún kó má baà dógùn-ún lẹ́nu wọn. Ọdún méjì ni Àsíátù ti ń se jọ̀lọ́ọ̀fù fún wọn. Lọ́jọ́ yìí ló ní kóun mú inú wọn dùn. Ó kó igi náà nínú àpótí ọkọ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó se ìrẹsì Bídà kó rọ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé tọ̀hún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí a sì ti ń ki ṣíbí bọ oúnjẹ àlejò kó má baà máa wá a kiri, bẹ́ẹ̀ ló ki igi náà sí i.

"Ìyá Rísíkàt, ẹ má bínú," Ẹfúnróyè bẹ̀rẹ̀, "ó ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe lọ́hùn-ún..." Sàkáríyà fi ojú dá a lẹ́kun. Wọ́n jẹ oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbádùn rẹ̀? Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí àlejò fi wọ bàtà.

Àsíátù ń kó àwo lọ. "Bàbá Rísíkàt, ìpàdé yín ti parí nínú ilé yìí. Ẹ wá ibòmíràn."

"Ibo ni ká lọ? Yàrá kan ni Ọbayẹmí ń gbé tòun tọmọ mẹ́rin. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì ni Ẹfúnróyè wà. Bí kò bá sí ilé yìí, ẹgbẹ́ tú nìyẹn."

"Kó tú. Ẹ wà lọ́hùn-ún nígbà tí mo bí Rísíkàt ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tẹ́ ẹ lọ kò kún ṣíbí, àwọn méjì yẹn lẹ ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún. Lónìí tí mo ní kí n yọjú sí i, ẹ kàn mí lábùkù lójú wọn."

Lẹ́tà kan wà nínú àpò àyà Sàkáríyà láti Ọjọ́bọ̀. Ó ti pinnu pé bí wọ́n bá jẹun tán lòun yóò sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè, Àsíátù jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ọkọ rẹ̀ wá fìdí lé àpótí kejì, ó gbé lẹ́tà náà lé e nínú àtẹ.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ irú èyí kà."

"Ìyá Sátò ti kú."

"Ta ni ń jẹ́ Ìyá Sátò?"

Ìbéèrè yìí dun Sàkáríyà ju ikú náà lọ. Ọdún mẹ́jọ tó ti padà dé, ìyàwó rẹ̀ kò mọ orúkọ ìyá tó bọ́ ọ.

"Ilé rẹ̀ ni mo gbé ní Ósákà. Tó bá ti rí mi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni 'Jẹun.' Bí mo bá ní mo ti jẹun, á ní kí n tún jẹ. Lóṣù kẹta tí mo débẹ̀, ọkọ rẹ̀ kú. Ó bu ìrẹsì kún abọ́, ó ki igi méjì sí i ṣánṣán, ó gbé e síwájú òkú. Òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, Àsíátù. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Níjọ́ kẹrin mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, 'Màmá, ẹ jẹun.' Tiwọn ò tó bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n ń tẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló bá jẹun." Ó nu ojú rẹ̀. "Fìlà òwú pupa tí mo fi ránṣẹ́ sí Rísíkàt, òun ló hun ún."

"Fìlà yẹn? Mo ṣebí ẹ rà á ni."

"O ò bi mí, èmi náà ò sọ."

"Ó ṣì wà nínú àpótí mi." Àsíátù ṣa òkúta kan, ó jù ú nù. "Ẹ ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Lẹ́tà wà lápò mi, mo sì bá oúnjẹ òkú lórí tábìlì. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Àsíátù dìde, ó lọ bu ìrẹsì púpọ̀ kún èyí tó ń ṣà.

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe?"

"Nílé bàbá mi, sàárà la máa ń ṣe fún òkú. Ìyá tó hun fìlà fọ́mọ mi kò ní í lọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ lọ pe àwọn èèyàn yín wá."

Lẹ́yìn ìrun àìlà, abọ́ ìrẹsì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Màmúdù tó ń ṣọ́ ilé kejì gba tirẹ̀ ní ọwọ́ méjèèjì.

"Sànnu, Ìyá Rísíkàt. Kai, ta ló kú?"

"Ìyá ọkọ mi kan ni," Àsíátù dá a lóhùn, "tó wà lókè òkun."

Sàkáríyà gbọ́ ọ láti inú pálọ̀, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọbayẹmí àti Ẹfúnróyè dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kóun wọlé.

"Ẹ bọ́ bàtà yín," Àsíátù ní. "Àbí ẹ ti gbàgbé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é?"

Ó gbé abọ́ kan sáàárín tábìlì, ó bu ìrẹsì lé e gegere, ó mú igi méjì dání. "Ṣé bí mo ṣe ṣe é lánàá náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi," Ẹfúnróyè ní, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Àsíátù ki igi náà sí i. Àwọn mẹ́ta tẹrí ba, òun náà kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, àwọn àlejò mú abọ́ tiwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Sàkáríyà kò fọwọ́ kan tirẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ń wò.

Àsíátù wò ó títí. Ó fa igi méjèèjì yọ nínú abọ́ Ìyá Sátò, ó fi wọ́n dábùú ẹnu abọ́, ó sì gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Màmá ní kí o jẹun," ó ní.

Sàkáríyà mú igi náà, ó jẹun.