Ọ̀nà Igloolik sí Arctic Bay

Ìyàwó Tatigat bímọ ọkùnrin, wọ́n gbé e wálé sí Arctic Bay nínú oṣù kẹrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Qaunaq, orúkọ ìyá àgbà bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ní ilẹ̀ wọn, ní àríwá Kánádà níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ orúkọ òkú ti di ẹni náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Atuat, ìyá Tatigat, kò fara balẹ̀ mọ́ ní Igloolik. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, Qaunaq tó kú yẹn ló sì bí i. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí pé ìyá òun ti dé, òun ń lọ kí i.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní pápá ọkọ̀ òfurufú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìlú méjèèjì ò ju irínwó kìlómítà ó lé díẹ̀ síra wọn, wákàtí kan àbọ̀ ni bí ọkọ̀ bá gbà á tààrà. Àmọ́ kò sí ọkọ̀ tó ń gbà á tààrà. Atuat máa kọ́kọ́ fò lọ sí Iqaluit ní gúúsù, á sùn síbẹ̀, kó tó tún fò padà sókè.

Inú bí Atuat, ṣùgbọ́n ó wọkọ̀. Ìjì dá a dúró ní Iqaluit fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, wọ́n ní kò sáyè nínú ọkọ̀ Arctic Bay mọ́, kó máa lọ sílé ná. Nígbà tó fò padà dé Igloolik, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní òun á tún orúkọ rẹ̀ kọ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Má kọ ọ́,” Atuat dá a lóhùn. “Mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ.”

Ó fa alùpùpù orí yìnyín ọkọ rẹ̀ tó ti kú jáde. Siakuluk, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bi í bóyá orí yìnyín ló fẹ́ kú sí.

“Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n yín. Àwọn ajá ló fi ọkọ̀ orí yìnyín fà mí gba ibẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Siakuluk ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù tirẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́wàá, ó ń kùn.

Lọ́jọ́ kejì lójú ọ̀nà, atẹ́gùn sé wọn mọ́nú àgọ́. Òtútù mú kí ọwọ́ Atuat wú. Siakuluk ní kí àwọn padà kí epo tó tán. Ẹ̀rù ń ba Atuat náà, kò kàn sọ ọ́ ni.

“Ẹ máa padà. Ẹ ṣáà fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sílẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé tíì kaná.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé. Tatigat gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà di ìka tó wú yẹn mú. Omi bọ́ lójú Atuat.

“Ìyá mi,” ló sọ fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, “wọ́n ní gúúsù ni kí n gbà wá kí yín. Mo kọ̀ fún wọn.”

Òun àti Siakuluk lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, alùpùpù márùn-ún ló tẹ̀lé wọn, ti àwọn ará Arctic Bay tó ní èèyàn ní Igloolik tí wọn ò rí láti ọdún pípẹ́.