Ìṣó Tó Ń Dúró De Ògiri

Ẹ má tíì kí mi kú oríire ilé tuntun o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ìṣó ṣe jẹ́ fún yín.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni èmi àti ọkọ mi fi gbé yàrá méjì nílé Bàbá Ẹ-má-pariwo. Àwa ayálégbé la fún un lórúkọ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ la sì ti ń pè é. Yàrá tirẹ̀ ló kángun sí tiwa, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ògiri. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó! kó! kó! Àwo já bọ́ lọ́wọ́ yín, kó! kó! kó! Ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá, ńṣe ni mo máa ń ká àkísà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà dún. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí nínú ilé yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sunkún tẹ́rùn.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tó dùn mí jù ni ti ìṣó. Lọ́jọ́ tá a kó débẹ̀, abíyá mi ni mo há fọ́tò ìgbéyàwó wa sí. Káfíńtà lọkọ mi, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù rẹ̀. Kò tíì mú òòlù jáde tán tí bàbá náà fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri mi o. Ilé ni mo kọ́, mi ò mọ ajere."

Háà, inú bí mi! Mo ti la ẹnu, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó fi ìṣó náà hàn mí, ìṣó olórí idẹ kan báyìí, ó jù ú sínú agolo ìpara tó ti tán, ó dé e.

"Abẹ́rẹ́," ó ní. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí, nítorí iṣẹ́ mi àti nítorí ẹnu mi. "Ìṣó ti wà nílẹ̀. Ògiri ló kù. Ọwọ́ mi yìí náà ló máa kàn án."

Bí fọ́tò ṣe wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Lọ́dọọdún ni mo máa ń tú u, tí mo máa ń nù ún, tí mo máa ń wo ọmọbìnrin tín-ín-rín yẹn àti géńdé tó dì í lọ́wọ́ mú. Bàtà tí géńdé yẹn wọ̀, ó yá a ni. Ó tóbi jù ú lọ, ó ki àkísà sí i níwájú. Ẹ ò lè rí i nínú fọ́tò, èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú, kí ọ̀pá má baà dún, n óò sì tún wé e padà.

Ilẹ̀kùn tí ọkọ mi ti ṣe fáwọn onílé ò lóǹkà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, a máa ń rìn kiri àdúgbò, á máa nawọ́ sí wọn. "Èmi ni mo ṣe yẹn. Ọdún kẹwàá rèé, kò tíì ké rí." Inú mi á dùn, inú mi á sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," màá ní. Ọ̀gá ni mo ń pè é. "Tiwa dà?"

"Ó ń bọ̀."

Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ohun tá ò retí ló kọ́kọ́ dé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá gbé ife omi, á máa dà sí i láyà. Dókítà ní kò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ní lọ, ńṣe ni yóò máa le sí i. Àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Kì í ṣe ilé ni mo ń wá mọ́. Ògiri kan péré ni mo ń wá, kó tó di pé ọkọ mi ò lè mú òòlù mọ́.

Bá a ṣe rówó ra ilé níkẹyìn, ẹ má bi mí. Ilé kékeré ni, ti nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tá a fọwọ́ síwèé, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ ò ní gba ohun tí mo ṣe gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbà wá láyè ká kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri pálọ̀?"

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo ọkọ mi. "Màmá, ta lẹ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ nilé!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ojú tì mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ẹ rò pé ọjọ́ yẹn la kan ìṣó, àbí? Rárá o. Ọ̀gá á dúró síwájú ògiri, á fi ìka kàn án, á ní kò tíì gbẹ dáadáa. Ògiri tí wọ́n ti mọ láti ogún ọdún! Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òòlù òun ti sọnù. Abẹ́ àga tó jókòó lé gan-an ni mo ti bá a. Sùúrù mi tán.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, kí ló dé gan-an? Ṣé ojú mi tó wà nínú fọ́tò ló ń dẹ́rù bà yín ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n lè rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Abẹ́rẹ́, ìṣó kan ṣoṣo ni. Tí mo bá kàn án tó wọ́ ńkọ́? Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ṣe fáwọn ẹlòmíì ló dúró ṣánṣán. Ṣé tèmi wá ni kí n bà jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹkún ló wù mí í sun, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ ẹnu mi.

"Kó wọ́ kẹ̀! Èwo ni kò tíì wọ́ nínú àwa méjèèjì? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Màá di ìṣó mú, ẹ kàn án."

"Látìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹnì kankan ò di ìṣó mú fún mi rí."

"Ṣé èmi wá ni ẹnì kankan?"

Ó ṣí agolo. Orí ìṣó náà ṣì ń dán. Mo dì í mọ́ ògiri bí mo ṣe máa ń di abẹ́rẹ́ mú. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé díẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, òòlù yẹ̀, àtàǹpàkò mi ló bà.

"Yéè! Mo gbé! Ẹ ti pa mí o!"

Kíá ni mo fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. Ọkọ mi dúró gbagidi, òòlù ṣì wà lókè. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ògiri, à ń retí ọ̀pá Bàbá Ẹ-má-pariwo.

A retí títí. Adìẹ kan ń ké níta. Ògiri ò dáhùn.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. "Abẹ́rẹ́," ó ní, "tún pariwo."

Mo sì pariwo. Kì í ṣe nítorí àtàǹpàkò mọ́. Mo pariwo nítorí àwọn ọmọ mi mẹ́ta tí mo fọwọ́ bò lẹ́nu, àti gbogbo ẹ̀rín tí mo gbé mì. Òun náà gbè mí lẹ́sẹ̀, àgbà káfíńtà, títí aládùúgbò fi sáré yọjú lójú fèrèsé, tó ní ṣé kò sí o. Mo ní kò sí rárá, ilé wa la wà.

Fọ́tò náà wà lórí ògiri báyìí. Ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án pé òun fẹ́ tún un ṣe, èmi àti ẹ̀ ni.