Abọ́ Tí Orúkọ Ìyá Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ogún ọdún ni Lorna Vigdahl fi ń kọ̀wé kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ìwé ìtàn mẹ́ta tó kọ́kọ́ kọ, bóyá ni ẹlòmíì kà wọ́n tán yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ìwé àròkọ tó kọ nípa ikú ìyá yìí ló wá gbé orúkọ rẹ̀ dé Níú Yọ́ọ̀kì. Gbólóhùn tí wọ́n ń yìn jù nínú rẹ̀ ni èyí: “Gbogbo àdúgbò ló gbé oúnjẹ wá, ọwọ́ lásán ni ẹ̀gbọ́n mi Ardis fi wá.”

Kì í ṣe pé Lorna burú. Ìbànújẹ́ ló ń bá a kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdún méjì gbáko, Ardis kò gbé ìpè àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìkàwé ìlú wọn ní Minnesota ní kí Lorna wá ka ìwé fún àwọn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá lọ. Ó sì rí i ní ìlà ẹ̀yìn, kò bọ́ kóòtù, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Lorna kàwé tán, wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè. Ardis dìde, ó rìn wá síwájú.

“Mi ò ní ìbéèrè,” ló wí. Ó yọ abọ́ gíláàsì kan nínú báàgì, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀. “Ta ló ni èyí?”

Lorna yí i dé. Ní ìlú wọn, bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ lọ sílé òkú, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ kó má baà sọnù. Inga Vigdahl ló wà níbẹ̀, ìyá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

“Ti Màmá ni. Inú fírísà wọn ni mo ti bá a, ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀. Mo rò pé àwọn ló sè é sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ẹ́.”

“Èmi ni mo sè é. Mo yá abọ́ náà lọ́wọ́ wọn nígbà Àjíǹde, n ò tíì dá a padà tí wọ́n fi kú. Òun ni mo fi gbé oúnjẹ wá, mo ti gbé e sínú fírísà kó o tó dé. Wọ́n ní o gbọ́n, Lorna. O ka ìsàlẹ̀ abọ́, o jẹun inú rẹ̀, o ò mọ ọwọ́ tó sè é. Ṣé Màmá máa ń fi iyọ̀ tó báyẹn sí oúnjẹ?”

“Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́.” Lorna yí abọ́ náà padà. “Mo rò pé omijé mi ni.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tún panu mọ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ṣé o bi mí kó o tó kọ ọ́?”

Lorna mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ sórí gbólóhùn náà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, lójú gbogbo wọn.

“Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan,” ni Ardis wí. “Ó ku mélòó?”

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni wọ́n tẹ̀.”

Ardis ti abọ́ náà sún mọ́ ọn.

“Máa gbé e lọ. O ṣáà mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo.”

Lorna, tí kò dáná láti ọdún mẹ́wàá, gbá abọ́ mọ́ àyà. “Ọjọ́ wo ni kí n gbé e wá?”

“Sọ́ńdè,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Má sunkún sí i.”