Ẹni Tí Owó Orí Pa

“Ẹ dákẹ́ ariwo yín! Ọmọ wa ló kàn!”

Àlàájì Mọ́nsúrù ló ń kígbe bẹ́ẹ̀, ó sì na ìka sí ẹ̀yìn ilé níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kù, bí ẹni pé ó lè bá ẹ̀rọ náà wí pẹ̀lú. Ó ti gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ta aṣọ bò ó lórí kí oòrùn má baà pa àwòrán inú rẹ̀ rẹ́, nítorí pé pálọ̀ rẹ̀ kò lè gba gbogbo ará ìlú Ọ̀fíkì. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ìbò ku ọjọ́ mẹ́tàlá.

Iwájú pátápátá, lórí àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ni wọ́n fi Bàbá Ládòkun sí. Òun ni bàbá Adétúnjí tí yóò sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Àgbẹ̀ oníṣu ni, díákónì sì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fi í síwájú èrò báyìí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Túnjí, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì tú gèlè tó wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀.

Ọkùnrin méjì ló ń du ìjókòó kan náà ní ilé aṣòfin. Èkíní, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran ará Ìgbẹ́tì, ti sọ tirẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí láti ilé dé ilé, lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìjọba, nítorí pé ọ̀nà eléruku kò ní fúnra rẹ̀ di ọ̀nà ọlọ́dà.

“Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi!” ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. “Mo ṣì ní àdá!”

“Àdá tìẹ tí kò lè gé ilá!” ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ojú Adétúnjí kún inú ẹ̀rọ náà, tòun ti dígí ojú rẹ̀. Ó ní bí òun bá wọlé, àgbẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fọ́ òkúta mábù, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó o lọ, ni kí ìjọba lọ bá. Ìta hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ju fìlà sókè. Ẹni tó ń darí ètò náà wá bi í pé, “Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, ọ̀mọ̀wé ni yín, Ìbàdàn lẹ ń gbé. Kí lẹ̀yin mọ̀ nípa owó orí àgbẹ̀?”

Adétúnjí bọ́ dígí ojú rẹ̀.

“Èmi lẹ ń bi? Bàbá mi ni owó orí pa. Ní ọdún 1969, wọ́n mú un lójú ọ̀nà Ṣakí, wọ́n tì í mọ́lé, ọjọ́ karùn-ún ló kú. Ó ti san tirẹ̀, ìwé rẹ̀ wà nílé, wọn ò gbà á gbọ́. Owó orí ló sọ mí di ọmọ òrukàn.”

Gbogbo ojú kúrò lára tẹlifíṣàn, wọ́n bọ́ sára bàbá tó jókòó lórí àga onítìmùtìmù. Bàbá Ládòkun wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó yí wọn padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́.

“Jésù!” ni Ìyá Túnjí ké, ó gbá ọkọ rẹ̀ lápá mú. “Bàbá Túnjí, ẹ sọ̀rọ̀! Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló sọ mí di opó lójú ayé!”

Bàbá Ládòkun bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

Nígbà náà ni obìnrin kan dìde ní apá ọ̀tún. Ìyá Sàfúrátù ni, Àwáwù, opó Ràmọ́nì. Ó gbọn eruku ìró rẹ̀, ó gba àárín èrò kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni. Kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ikú ọkọ rẹ̀ ni Adétúnjí rò fún gbogbo ayé, láti ojú ọ̀nà Ṣakí títí dé ọjọ́ karùn-ún. Ẹni tó kú nìkan ló pààrọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àlàájì Mọ́nsúrù wá sí ilé Bàbá Ládòkun. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Ọ̀fíkì, ó sì ti lọ bá Adétúnjí ní Ṣakí lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Bàbá Túnjí, ṣé dáadáa lẹ jí?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ni Bàbá Ládòkun dáhùn. “Òkú jí.”

Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó rí i pé ẹlòmíràn kò rẹ́rìn-ín, ó dẹ́kun. “Bàbá, Túnjí ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó ní ẹnu òun ló yọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, gbogbo Òkè-Ògùn ló ń sunkún. Mo rí àwọn obìnrin ní Ṣakí tí wọ́n ń nu ojú. Àwọn tó fẹ́ dìbò fún Ògúndìran tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀nà ọlọ́dà ti yí padà.”

“Nítorí ikú mi.”

“Nítorí ikú yín, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni mo ṣe wá. Ẹ dákun, ẹ lọ sí oko, kẹ́ ẹ má wọ̀lú títí ìbò yóò fi parí. Ọjọ́bọ̀ ni Túnjí ń bọ̀ níbí. Àwọn oníwèé ìròyìn yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ibojì.”

“Ibojì ta ni?”

Àlàájì wo ilẹ̀. “A ti ra sìmẹ́ńtì. Àpò mẹ́ta. Ẹ̀yìn ilé yìí náà la rò pé…”

Ìyá Túnjí ti inú ilé jáde, tòun ti ìgbálẹ̀. “Ẹ gbẹ́ ẹ síwájú ilé yín, Àlàájì! Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, ká wò ó bóyá ó gùn tó!”

“Ẹ má bínú, ìyá mi. Ṣé owó orí ló wá wù yín kó padà? Ṣé a ti gbàgbé bí àwọn ọkùnrin ìlú yìí ṣe ń sùn sínú igbó, tí àwọn agbowó-orí ń wọ obìnrin jáde ní yàrá pé kó fi ọkọ rẹ̀ hàn?”

Bàbá Ládòkun kò gbàgbé. Òru mọ́kànlá ló sùn sínú eèsún lọ́dún náà, tí òjò ń pa á. Ó wo Àlàájì, kò sì rí ẹni ibi níbẹ̀. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà ló rí. Nígbà tí àlejò náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èlùbọ́ sínú àpò.

“Oko náà lẹ ń lọ?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

“Ọjọ́ díẹ̀ ni, Ìyá Túnjí. Bí mo bá kú fún ọjọ́ díẹ̀, tí gbogbo àgbẹ̀ sì sinmi, ó burú bí? Olúwa wa náà kú fún ẹlòmíràn.”

“Òun kú lóòótọ́,” ni Ìyá Túnjí wí. “Ẹ̀yin fẹ́ lọ máa jẹ iṣu.”

Ọ̀nà oko gba iwájú ilé Ìyá Sàfúrátù kọjá. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀gúsí. Bàbá Ládòkun ì bá kí i kó sì kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

“Ìyá Sàfúrátù, mo wá bẹ̀ ọ́ nítorí ohun tí ọmọ mi sọ.”

“Wọ́n ní oko lẹ ń lọ.”

“Títí ìbò yóò fi kọjá ni.”

Ó pa ẹ̀gúsí kan, ó pa òmíràn. “Bàbá Túnjí, irọ́ tó pa mọ́ yín kò dùn mí. Ẹ wà láàyè, ẹ lè jà fún ara yín. Ta ni yóò jà fún Ràmọ́nì?”

Bàbá Ládòkun yí ojú sí ọ̀nà oko.

“Gàrí Túnjí ló rù jáde lọ́jọ́ náà,” ni ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Ẹ̀yin wà nínú igbó, ẹ ò lè yọjú. Ó ní ebi ò gbọdọ̀ pa ọmọ níléèwé ní Ṣakí. Mo ní kó mú ìwé owó orí ẹ̀ dání. Ó ní ọmọ lòun ń gbé oúnjẹ lọ fún, òun ò lọ sógun. Láti ọdún mẹ́rìnlá, mi ò tíì gbọ́ kí ará ìta kan dárúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Túnjí ní wọ́n mú un lójú ọ̀nà Ṣakí, àyà mi já. Mo ní, ó fẹ́ pè é! Mo ti ń dìde lórí ìjókòó kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bàbá òun ló wí.”

Àpò bọ́ lórí Bàbá Ládòkun sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ gbé e. Oko òun àti Ràmọ́nì pààlà. Pèrègún ni wọ́n fi ṣe ààlà náà, kò sì sí ẹni tó fà á tu nínú wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ti ka ibi tí Ìwé Mímọ́ ti fi ẹni tó ń ṣí ààlà ẹnìkejì rẹ̀ gégùn-ún, ó sì ti fi í wàásù fáwọn tó ń jà sí ilẹ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú oko, kó má fọwọ́ kan pèrègún kan, kó sì gba gbogbo ohun tó kù fún olóògbé.

“Lọ́jọ́bọ̀,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “wọ aṣọ rẹ tó dára jù. A jọ ń lọ ni.”

“Wọ́n ní kẹ́ ẹ má yọjú.”

“Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Òkú kì í gbọ́ràn.”

Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ àjàgbé kan dúró ní gbàgede ìlú, Adétúnjí sì wà lórí rẹ̀ nínú agbádá funfun, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Àwọn ayàwòrán méjì láti Ìbàdàn wà nílẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, lórí ilẹ̀ yìí ni wọ́n sin bàbá mi sí…”

Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Èrò ti ń pín sí méjì níwájú rẹ̀. Bàbá Ládòkun ló ń bọ̀ nínú aṣọ òfì, Ìyá Túnjí wà lápá kan, Ìyá Sàfúrátù wà lápá kejì. Ẹnu gbogbo ìlú là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọdé.

“Ta ni bàbá yìí?” ni ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán béèrè.

Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí a kọ́ nílé tó lè dúró sókè kó máa wo bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀. Adétúnjí bẹ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀, ó na gbọọrọ sórí ilẹ̀ pupa, agbádá funfun náà sì kó eruku. Ayàwòrán sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti rí ìdáhùn.

“Túnjí.”

“Bàbá.”

“Mo gbọ́ pé mo kú.”

“Ẹ foríjì mí, Bàbá. Owó orí yìí, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo fẹ́ mú un kúrò.”

“Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ kó kúrò. Ta ni ó pa?”

Adétúnjí gbé orí sókè. Ẹsẹ̀ Ìyá Sàfúrátù ló kọ́kọ́ rí. “Ràmọ́nì,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Dìde, lọ mú ẹ̀rọ rẹ.”

Àlàájì Mọ́nsúrù ti sáré dé, òógùn ń da lójú rẹ̀. “Bàbá Túnjí, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ẹ jẹ́ ká wọlé ká lọ sọ ọ́ níbẹ̀! Ìbò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ó máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́!”

“Ó lè bọ́, Àlàájì,” ni Bàbá Ládòkun dáhùn. “Bí wọ́n bá bu owó orí fún wa, a ó san án.”

Adétúnjí gba gbohùngbohùn. “Ràmọ́nì ará Ọ̀fíkì ni owó orí pa,” ni ó wí. “Kì í ṣe bàbá mi. Oúnjẹ tèmi ló ń gbé bọ̀ tí wọ́n fi mú un.”

Ohùn náà lọ kan ògiri ilé, ó sì padà wá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan pòṣé, ó yí ẹ̀yìn, ó ń lọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Ìyá Sàfúrátù kò wò wọ́n. Ó ti di ojú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ibi tí ohùn ti ń jáde, bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

“Bàbá Túnjí,” ni ó wí, “ẹ ní kó tún un pè.”