Háàdì Tó Kù Sílẹ̀ l'Óǹdó

Láti ìgbà tí Kíkẹ́ ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Akínkúnmi, l'Óǹdó, Alágbàká ní Àkúrẹ́ ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Orúkọ ọ̀gá yìí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi kọ́kọ́ gbà gbọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, màmá àgbàlagbà tó ní ilé ìtọ́jú kékeré l'Óǹdó, gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, tó ní Akínkúnmi ló bà á jẹ́.

Màmá ní ẹ̀rọ náà ń falẹ̀ ni òun ṣe gbé e lọ fún un. Akínkúnmi ní háàdì rẹ̀, níbi tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà ń gbé, ti gbó. Ó fi tuntun sí i, ó ní òun ti da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá délé, ẹ̀rọ kọ̀, kò tàn. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ìlà funfun kan á yọ pé kò rí ohun tí yóò fi gbéra. Akínkúnmi ní kó ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, yóò jí. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u.

Kíkẹ́ tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹyin aáyán lẹ̀ mọ́ fáànù, ìgbẹ́ aáyán sì kún ẹ̀bá háàdì tuntun. Ọ̀gá tó kọ́ ọ pé gbígbá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ṣí èyí, tó rí i, tó tún dé e padà. Kíkẹ́ wá búrọ́ọ̀ṣì, ó gbá inú ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ́.

Ó fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ kó lè wo inú háàdì. Wíńdò, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀ lódindi, ṣùgbọ́n apá kékeré tó máa ń ṣáájú, tó ń júwe ibi tí Wíńdò wà fún ẹ̀rọ, ni Akínkúnmi kò dà kọ. Ó kọ́lé, kò yọ ilẹ̀kùn. Kíkẹ́ gé àyè díẹ̀ sọ́tọ̀, ó kọ apá náà sí i, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Wíńdò ṣí wẹ́rẹ́.

Màmá rẹ́rìn-ín, ó wá àwòrán rẹ̀, kò rí i. Àwòrán egbò àwọn aláìsàn rẹ̀ ni, tí wọ́n gbà kó máa yà kó lè mọ̀ bóyá egbò ń jinná. Ìpín mìíràn nínú háàdì àtijọ́ ni wọ́n wà, Akínkúnmi kò sì dé ibẹ̀ rárá. Kíkẹ́ béèrè háàdì náà.

"Ó ní òun yóò bá mi sọ ọ́ nù," ni màmá wí.

Àwọn méjèèjì gbé ẹ̀rọ náà, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Akínkúnmi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Háàdì àtijọ́ wà lórí tábìlì, okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Ọmú obìnrin kan tí egbò ti jẹ wọnú ló gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rẹ́ ń fi bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí i, ẹ̀rín ń pa á. Ìka Akínkúnmi wà lórí máòsì, ó fẹ́ ṣí òmíràn.

Nọ́ọ̀sì lọ dúró síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ bo obìnrin yẹn.

Akínkúnmi nu ẹnu. Ó ní àwọn kàn ń yẹ háàdì wò ni, pé àwòrán lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó yíjú sí Kíkẹ́, ó rán an létí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ẹ kọ́ mi níṣẹ́, sà, mo dúpẹ́," ni Kíkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kó mi nírìíra."

Nígbà tó fẹ́ yọ háàdì, ó rí i pé ọ̀gá ti da àwòrán wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, láàárín fáìlì àwọn oníbàárà mìíràn. Àwọn kan nínú oníbàárà wọ̀nyí, òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó pa gbogbo ohun tí ọ̀gá dà síbẹ̀ rẹ́, ó sì yọ háàdì àtijọ́. Akínkúnmi kò lè dá a dúró.

Màmá wá sọ fún Akínkúnmi pé òun yóò lọ bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan nílé, òun yóò sì dárúkọ ẹni tó fi àwòrán wọn ṣe ẹ̀rín. Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀. Màmá rékọjá lára rẹ̀.

Ní ilé ìtọ́jú, Kíkẹ́ da àwòrán náà sínú háàdì tuntun láìku ẹyọ kan. Màmá fa àga, ó jókòó tì í, kò sì gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Kíkẹ́ mọ̀ pé òun ni màmá ń ṣọ́, torí ọwọ́ Akínkúnmi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó dùn ún.

Wọ́n gbé iyán wá fún un. Ó fọwọ́, ó bu òkèlè kan, ó rántí bọ̀ọ̀lì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí egbò, ó dá òkèlè padà sínú abọ́. Ó bẹ màmá pé kó má bínú, ó sì lọ wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́.